Fọ́ọ̀mù Tí Mo Bá Ọ Dáhùn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, o pe baba tó bí ọ lórí fóònù, o kò kí i, o kò béèrè bí ara rẹ̀ ti rí, o pariwo lé e lórí, o sì pa fóònù mọ́ ọn létí nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. N kò rántí pé a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìwé girama tí èmi lọ, ẹni tó bá bá àgbà sọ̀rọ̀ báyẹn yóò kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹẹrẹ títí agogo ọ̀sán yóò fi lù. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò, nítorí lẹ́tà kò ṣeé pa mọ́ni létí.

Lẹ́yìn èyí, mo kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Kí Ọlọ́run fi ààbò rẹ̀ bò ọ́ ní àsìkò àjàkálẹ̀ àrùn yìí, kí ó má sì jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń wo eyín ẹlẹ́yín di ọwọ́ tí ń gbé àìsàn kiri. Nílé, òrùlé ẹ̀yìn tún ti ń jò, mo ti gbé ike sí abẹ́ rẹ̀. Télọ̀ iwájú ilé wa ti pa aṣọ ìgbéyàwó tì, ìbòmú nìkan ló ń rán, ó sì ní kí n kí Dókítà Eléyín, nítorí orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ọ́ nìyẹn láti ìgbà tí o ti wọ ọdún kẹrin nílé ìwé ìtọ́jú eyín. Ó rán ìbòmú mẹ́ta fún mi. Èyí tó dúdú ni mo máa ń wọ̀ nígbàkígbà tí o bá pè mí lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, mo sì máa ń gbé fóònù náà sí ìpẹ̀kun tábìlì, nítorí ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà gbọ́dọ̀ wà láàárín ènìyàn méjì tó bá ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, má ṣe bínú mọ́ pé o kì í gbọ́ ohùn mi ketekete.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ló kàn. Nígbà tí fóònù rẹ bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà mi ni o fi sílẹ̀ fún ilé ìwé yín. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí rẹ̀ pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín jọ̀wọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́rìnlélógún nínú fọ́ọ̀mù kan lórí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àrùn yìí àti bí wọ́n ṣe ń hùwà lásìkò rẹ̀. Mo ní ilé ìwé tó mọ iyì òbí nìyí, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ pamọ́ fún baba rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo wẹ̀, mo wọ kóòtù, mo jókòó ti tábìlì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Wọ́n ní kò pọn dandan kí a kọ orúkọ. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá jẹ́rìí tí ó fi orúkọ pamọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tó sọ òkò sọ́jà. Nítorí náà, mo wá àyè kan ní ìsàlẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ ní kíkún, mo fi ti ìdílé ṣáájú, mo kọ nọ́ńbà tó wà lára káàdì ilé ìwé rẹ, mo sì kọ pé èmi baba rẹ ni mo ń dáhùn.

Níbi tí wọ́n ti béèrè ìmọ̀, mo yìn ọ́. Wọ́n ní ṣé o mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn. Mo ní o ti fi ìgò tí ìyá rẹ fi ń fín omi sáṣọ tó bá fẹ́ lọ̀ ṣàpèjúwe fún wa bí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbẹ́ eyín ṣe ń fín itọ́ aláìsàn káàkiri yàrá. Ìwà ló kù. Wọ́n ní ṣé o ń lo ìbòmú nígbà gbogbo. Ọmọ mi, n kò lè purọ́ fún olùkọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí o wá sílé, ìwọ lo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tí ò ń rẹ́rìn-ín, tí ò ń sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀yin mẹ́fà lẹ jọ ń jẹun nínú yàrá kékeré tí ẹ ń kó ẹ̀wù funfun sí, yàrá tí kò ní fèrèsé, pé abẹ́ àgbọ̀n ni ìbòmú yín ń gbé, pé ẹ kì í fà á sókè àfi bí ẹ bá gbọ́ ìró bàtà olùkọ́, bí ẹni tí ṣòkòtò fẹ́ já bọ́ nídìí rẹ̀ níwájú àna. Ìyá rẹ ní ṣé kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ nínú yín. O ní ọ̀kan ń wúkọ́, kò sì gbọ́ òórùn oúnjẹ mọ́, ṣùgbọ́n òtútù lásán ni, Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ àníyàn yín. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ, títí fóònù fi sọ pé àyè ti tán. Mo fi kún un pé èmi ni ìránṣẹ́ yín tòótọ́, mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí a tẹ̀ láti fi í ránṣẹ́, fóònù sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo dá a lóhùn pé kò tọ́pẹ́.

Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Ẹtì, o ní olórí ẹ̀ka yín ti ránṣẹ́ pe ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. O ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló dáhùn pé nígbà gbogbo ni àwọn ń lo ìbòmú, pé ta ló ń fi òótọ́ dáhùn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Bàbá, ta ló rán yín níṣẹ́. Ṣùgbọ́n o kò béèrè ibi tí mo wà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo dúró sí, níwájú gíláàsì ńlá kan. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn gíláàsì náà.

Ibà mú un ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, kò lè rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà láìfọwọ́ ti ògiri, ìwọ náà sì mọ̀ pé àyà rẹ̀ kò lágbára tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò, ohun tí a ń bẹ̀rù ni. Èmi náà ṣe é, wọ́n ní kò sí lára mi. Wọ́n ki rọ́bà atẹ́gùn bọ imú rẹ̀, wọ́n sì fi ohun kan tó ń tan iná pupa há a níka. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé imú la fi ń mí, a kì í fi ìka mí. Ó ní Bàbá, ẹ jókòó. Mo jókòó. Nísinsìnyí mo ti mọ̀ pé nọ́ńbà ara nǹkan náà ni èémí rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Láàárọ̀ òní, ọjọ́ Àìkú, ó jẹ́ méjìdínláàádọ́rùn-ún. Dókítà ní òun ń fẹ́ márùndínlọ́gọ́rùn-ún, òun kò sì tíì lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ìyá rẹ kọ ọ́ sórí bébà, ó gbé e mọ́ gíláàsì: kí n má ṣe sọ fún ọ, ìdánwò rẹ ti sún mọ́lé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè là á fún ọ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n lónìí mo ṣàìgbọràn, nítorí pé lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń la ẹnu wọn fún ọ, ìyá àwọn ẹlòmíràn sì wà lára wọn.

N kò wí pé ìwọ nìkan lo jẹ̀bi. Lọ́jọ́ tí o dé, èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i pé imú rẹ wà níta, mo rí i pé o kọjá lára bọ́kẹ́ẹ̀tì omi láìfọwọ́. Ṣùgbọ́n o kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, inú mi dùn, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ìkúnlẹ̀ ni mo kà sí ìwà. Mo gbàgbé pé ọwọ́ fífọ̀ náà ti di ìwà.

N kò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ lọ́tẹ̀ yìí. Bí o bá rí páálí ìbòmú kan, irú èyí tí ẹ̀yin ń lò níbi iṣẹ́, fi rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì ìyá rẹ ń fọ̀ tó ń sá. Ọlọ́run yóò ṣàánú wa, a kò ní fi ẹkún parí ọ̀rọ̀ yìí, ojú rẹ yóò sì tún rí ojú ìyá rẹ.

Ní kété tí o bá ka lẹ́tà yìí tán, lọ ṣe àyẹ̀wò, ìwọ àti àwọn márùn-ún yòókù. Má ṣe fọwọ́ kan ẹnu ẹnikẹ́ni títí èsì yóò fi jáde. Kọ orúkọ gbogbo aláìsàn tí o ti wo eyín wọn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kí o sì mú un tọ olórí ẹ̀ka yín lọ lójú ẹsẹ̀. Má ṣe wá sílé títí èmi yóò fi ní kí o wá.

Èmi ni,
Baba rẹ.