Aṣọ Tí Mo Fi Bo Oòrùn

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú àárò mi o. Ṣé eékún yín ti fúyẹ́? Ṣé Bàbá ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín dá yín dúró. Ara tèmi le. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo fẹ́ ròyìn. Ẹ má jáyà, ẹ kà á dópin.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti bí i ni àyà rẹ̀ ti ń fún pọ̀, àti pé ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di èéfín fún un kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ló gbọ́dọ̀ fà á símú. Bí iná bá ti lọ báyìí, èmi gan-an kì í lè mí mọ́.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, rédíò ní ìjọba ti mú owó ibodè kúrò lórí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, pátákó tó ń sọ oòrùn di iná, pé wọ́n sì ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ iná bí wọ́n ṣe ń tò ó. Mo yínmú. Mo ní ẹnu lásán ni. Ìyá mi, kí oṣù mẹ́ta tó pé, ohun tó jẹ́ pé dókítà eyín nìkan ló ní in ládùúgbò wa ti wà lórí òrùlé aránṣọ, ti onígbàjámọ̀, àti ti ilé-ìwé tó kọjú sí wa. Ọkọ mi, awakọ̀ lásán, ra tiwa! Mo kàn máa ń dúró lójú fèrèsé ni, tí màá máa wo àwọn òrùlé tó ń dán yanran bí omi.

Àṣìṣe wá wọ̀ ọ́. Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ lórí fóònù: "Nǹkan tuntun kì í wà níhòòhò. Wá aṣọ bò ó, kí oòrùn má baà bà á jẹ́." Èmi ọmọ rere, mo gun àkàbà, mo fi aṣọ òdòdó tí ẹ fún mi bò ó dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, ẹ̀rọ ọmọ ké tín-ín, ó dákẹ́. Iná ìjọba náà ò sí. Àyà ọmọ ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì. Mo gbé e, mo sáré jáde láìwọ bàtà.

Obìnrin kan lára àwọn tí ìjọba kọ́ níṣẹ́ wà lórí òrùlé aránṣọ. Ó wo òrùlé wa, ó pariwo: "Ìyá Ọmọ, ta ló kú tẹ́ ẹ fi daṣọ bò ó? Oòrùn loúnjẹ ẹ̀! Ebi lẹ fi ń pa á!" Ó sáré wá, ó fa aṣọ náà sílẹ̀, ó tún wáyà tí aṣọ ti fà tú so. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń wo ètè ọmọ tó ń pọ́n padà. Oòrùn tó ti ń pa wá lórí láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ló ń bá ọmọ mi mí yìí! Ó ti wà níta tipẹ́. Ìwé kan tí wọ́n fọwọ́ sí níbi tí n kò dé rí ló ṣílẹ̀kùn fún un. Mo ṣì ń ronú rẹ̀, ẹnu ń yà mí.

Ẹ̀yìn yín lẹ ó fi pọ̀n ọ́n, ẹ ó sì rí i kó máa sáré kiri inú ilé.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin,
Oníjáyà yín.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: mo gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá to tiyín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó wà níhòòhò.