Okùn Ẹsẹ̀ Adil

Sí ọmọ mi Kanishai, ìyá Adil, ní ìlú Kozhikode,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Nishad, mo kí ìyá ọkọ rẹ, mo sì kí Adil ọmọ wa tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò lónìí. Ṣé ẹ̀mí yín wà, ṣé ẹran ọ̀sìn yín le? Ìyá rẹ ní kí n yé béèrè ẹran ọ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé àjà kẹta ilé alájà, mo ní ìkíni kì í ṣe ohun tí a ń gé kù, bàbá mi kò gé e kù fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan agbowó-orí. Ní tiwa, ara le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. A ti sọ̀ kalẹ̀ láti pápá òkè láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, yìnyín àkọ́kọ́ sì ti bo orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n wàá gbọ́ ohun tó fi orúnkún náà ṣe.

A gbọ́ ohùn rẹ tó o fi ránṣẹ́ sínú fóònù. Gulsun tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ló bá wa tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì tẹ̀ ẹ́, nítorí pé nígbà àkọ́kọ́ ìyá rẹ ń dá ọ lóhùn ṣáá, kò jẹ́ ká gbọ́ nǹkan kan. O ní ilé ìwòsàn kò fún Nishad láyè ìsinmi, pé ẹ ò ní lè wá mọ́ lọ́dún yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀. O ní Adil ti pé ọdún kan àti oṣù kan, ó ń di àga mú, ó ń na ẹsẹ̀, gbogbo ara ló fi ń bẹ̀ ọ́ kó o sọ̀ òun kalẹ̀, ìwọ sì ń gbé e kiri nítorí òfin tí mo fún ọ, pé ọmọ wa kì í rìn kí a tó so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ká sì gé okùn ẹsẹ̀ náà, pé orí ilẹ̀ abúlé yìí nìkan la sì ti lè gé e. O wá bi mí pé bàbá, ṣé kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni, àbí kí n máa gbé e títí di ọdún tó ń bọ̀. Mo máa dáhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn àwọn wàhálà yòókù tó o kà sílẹ̀, nítorí bàbá tó bá fo ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ kọjá kò gbọ́ ti ọmọ náà.

O ní òjò ń rọ̀ láti oṣù kẹfà, aṣọ kì í gbẹ, ó sì ń rùn. Èyí kò le rárá. Sá aṣọ náà síta kí òtútù mú un títí tí yóò fi le gbagidi, tó bá di àárọ̀ kó o gbọn yìnyín ara rẹ̀ dànù, ó ti gbẹ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Gulsun ní kò sí òtútù lọ́dọ̀ yín. Mo ní ṣé kò sí rárá ni, ó ní rárá. Mo jókòó, mo ro ọ̀rọ̀ ìlú tí kò ní òtútù, àánú yín sì ṣe mí, nítorí mi ò mọ ohun tí ẹ fi ń pa ìdun.

O ní ọmọńlé ń rìn lórí àjà yàrá yín, wọ́n ń yàgbẹ́ sórí tábìlì, ìyá ọkọ rẹ sì ní kó o fi wọ́n sílẹ̀ torí pé wọ́n ń jẹ ẹ̀fọn. Wo etí wọn bóyá ẹnì kan ti gé àmì sí i, bí a ti ń gé e sí etí àgùntàn wa. Bí àmì bá wà níbẹ̀, ẹ pe ẹni tó ni wọ́n kó wá kó ẹran rẹ̀. Bí kò bá sí, tiyín ni wọ́n, ẹ máa kà wọ́n láràárọ̀ kí wọ́n má baà dín. Ní ti àgbọn tó já lu ọkọ̀ aládùúgbò yín, mo bi Gulsun pé ta ló gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé nǹkan tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀, ó ní igi ló gbé e síbẹ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ torí pé èèyàn kì í bá igi ṣe ẹjọ́.

Ẹní onírun àgùntàn tí a fi ránṣẹ́, èyí tí ìyá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù pọ̀ fún odidi ìgbà òtútù kan, o ní ó ti bu, pé olú funfun tilẹ̀ hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ ní ẹní òun dára débi tí nǹkan fi ń hù lórí rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, kí ẹ má jù ú nù. Wàrà gbígbẹ oníyọ̀ ńkọ́? O ní èèrà tó ń jẹ gbogbo nǹkan nínú ilé yín, títí kan ọṣẹ, kò fẹnu kàn án, Nishad náà kò sì fẹnu kàn án. Ìyá rẹ ní ti èèrà kò dun òun.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tó dùn mí. O ní ooru ti sú ọ ní ìbàdí níbi tí ọmọ ń jókòó sí, ó ti sú òun náà nítan, ẹ jọ ń họra. O ní ìyá ọkọ rẹ ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, pé ṣé ilẹ̀ ilé òun ń jó ọmọ lẹ́sẹ̀ ni tí o kò fi lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mi ò lè mu tíì mi tán.

Mo mà gbìyànjú láti gbé okùn náà wá fúnra mi. Mo lọ sí ìlú Naryn lọ gba ìwé ìrìnnà. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ ibi tí mò ń gbé síbẹ̀. Mo kọ ilé yìí, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án mi ò sí nílé yìí, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún ìjọba, ni mo bá kọ ọ́ pé ẹ gba ẹ̀bá odò lọ sókè, ẹ kọjá àpáta pupa, bí ẹ kò bá bá àgọ́ wa níbẹ̀ ẹ tẹ̀ lé ìgbẹ́ ẹran tó bá ṣì tutù. Àyè kò tó, mo yí i sẹ́yìn, mo ya odò náà. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ń wo ìka kò rí nǹkan kan lọ́wọ́ mi, okùn ẹṣin àti irun àgùntàn ti jẹ gbogbo ìlà rẹ̀ tán. Wọ́n ní kí n fi òróró pa ọwọ́, kí n sinmi rẹ̀ fún oṣù kan, kí n padà wá. Ta ni yóò fún wàrà nígbà tí ọwọ́ mi bá ń sinmi?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rántí ọjọ́ tí a gé tìrẹ. Pápá òkè la wà, koríko ga dé àyà rẹ, ìyá rẹ lọ́ òwú dúdú pọ̀ mọ́ funfun, ó so ó mọ́ ọ lọ́rùn ẹsẹ̀, ìwọ sì jókòó, o ń jẹ etí okùn. Ọmọ mọ́kànlá ló sáré. Saltanat ọmọ Bakas aládùúgbò wa ló gba iwájú, ó gé okùn náà, kò dúró gba ẹ̀bùn, ó ń sáré lọ ni títí ó fi dé odò, ìyá rẹ̀ ló pè é padà. Ìwà ẹni tó bá gé okùn ọmọ ló máa ń ran ọmọ, àwọn àgbà bá ní èyí á rìn jìnnà, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Saltanat fúnra rẹ̀ wà ní abúlé kejì, ó ń ta ìyẹ̀fun, kò dé ibì kankan. Ìwọ lo lọ. O lọ kàwé ní Bishkek, o pàdé Nishad tó wá kọ́ iṣẹ́ dókítà, o bá a lọ sílé rẹ̀, ó di ọdún mẹ́rin báyìí. Nínú àgọ́, apá òsì lẹ́bàá gàárì níbi tó o máa ń sùn sí, ìyá rẹ kì í gbé nǹkan kan síbẹ̀, bí òjò tilẹ̀ ń jò sórí àpò ìyẹ̀fun níbòmíì. Àárò rẹ ń sọ wá, Kanishai.

Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ wàyí. Pé a máa ń gé okùn ẹsẹ̀ ọmọ, òótọ́ ni. Pé orí ilẹ̀ wa nìkan la ti lè gé e, irọ́ ni. Èmi ni mo ṣe òfin yẹn, mo ṣe é lórí fóònù lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ sọ pé kò dá ọ lójú pé ẹ máa wá. Àwọn èèyàn wa ń gé e ní Bishkek nínú ilé oúnjẹ, wọ́n ń gé e ní Moscow. O mọ bí a ti ń ṣe nígbà tí a bá ń fún wàrà ẹṣin. Ọmọ ẹṣin la ń so mọ́ ẹ̀bá àgọ́, a kì í so ìyá. Ìyá á jẹko dé ibi tó wù ú, yóò sì padà wá nítorí ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún ọ gan-an nìyẹn, mo so Adil kí ìwọ lè padà wá. Ìyá rẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ó ní ojú ń ti òun nítorí mi, pé ẹni tó bá so ọmọ ẹṣin láàárọ̀ a máa tú u tó bá di ìrọ̀lẹ́, èmi kò sì tú.

Mo wá ń wá bí mo ṣe máa tú u, báńkì ló sì là mí lójú. Mo bi Gulsun pé owó tí Nishad ń fi ránṣẹ́ sí wa, ọ̀nà wo ló ń gbà kọjá àwọn òkè ńlá wọ̀nyí. Ó ní owó kankan kò rìn, pé báńkì ọ̀hún gba owó lọ́wọ́ Nishad, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, báńkì tibí sì san án fún wa látinú àpótí tirẹ̀. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí ó túmọ̀ sí pé láti ọdún mẹ́rin owó olówó ni mò ń ná. Ṣùgbọ́n mo rò ó síwájú. Bí a bá lè san níbí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, tí inú ẹnikẹ́ni kò sì bàjẹ́, a jẹ́ pé a lè gé níbí okùn ẹsẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún. Gulsun ní òun ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni báńkì ṣe rò ó, ṣùgbọ́n òun ò rí ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, a pa àgbò kan, a pe àdúgbò. Òtútù máa ń pa fóònù, mo ti fi í sí abíyá láti àárọ̀ bí mo ṣe ń ṣe ọ̀dọ́ àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Gulsun gbé fọ́tò Adil jáde, èyí tó ti di àga mú, a gbé fóònù náà dúró lórí ẹní, ìyá rẹ sì so okùn dúdú àti funfun mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ wà. Bakas ní ṣé a fẹ́ kọ́ fóònù ní ìrìn ni, pé tòun kò tíì mọ ìrìn tó fi ń sọnù lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Adil sùn lọ lójú fóònù, Gulsun fi ìka jí i, mo ní kò burú, ọmọdé ni.

Ọmọ mẹ́sàn-án tò lẹ́bàá ọgbà àgùntàn. Mo ní kí wọ́n sáré. Ìyá rẹ tó dúró ti ìkòkò bá ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bọ́ sáàárín wọn, òun àti bàtà rọ́bà rẹ̀, obìnrin ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta pẹ̀lú orúnkún tó ti ń mú un kérora láti ọdún mélòó kan. Àwọn ọmọ bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí i. Ta ni yóò ta ìyá àgbà yọ lójú gbogbo abúlé? Wọ́n fẹsẹ̀ falẹ̀. Ó dé, ó já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ mi, ó gé okùn náà. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé èmi náà kò mọ̀ pé ìwà ẹni tó gé e ló ń ran ọmọ, òun sì ni ẹnì kan ṣoṣo tí òun mọ̀ dájú pé bó bá jáde, yóò padà wálé. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, ó nu ojú, ó ní kí wọ́n gbé ẹran wá kó má tutù.

Ọ̀bẹ náà kọjá okùn díẹ̀. Ìlà gígùn kan ti wà lójú fóònù báyìí, bó o bá pè wá, ó ń gba àárín ojú rẹ kọjá, ìyá rẹ sì ń fi aṣọ nù ún ṣáá. Nítorí náà, bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀, àti ti bàtà rọ́bà kan, torí èyí tó fi sáré ti ya. Bí kò bá sí, ẹ má yá owó o, a ti ń mọ ojú rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Gulsun yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, yóò fi ránṣẹ́ lónìí, èyí gan-an yóò sì máa bọ̀ lẹ́yìn, torí mi ò gba lẹ́tà tí kò ní àpò gbọ́.

Gulsun ló ń bá mi kọ ìyókù yìí, nítorí mo ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì láti súre, ìyá rẹ náà ti tẹ́ tirẹ̀. Kí Ọlọ́run fún Adil ní ẹsẹ̀ tó le. Kó má ṣubú níbi tí kò ti ní rí ẹni gbé e dìde. Kí ilé ọkọ rẹ tù ọ́ lára, kí ìyá ọkọ rẹ pẹ́ láyé, kí Nishad má rí àìsàn tó ju agbára rẹ̀ lọ. Àmín. Bó o bá ṣì gbé ọmọ náà dání bó o ti ń ka ibí yìí, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọmọ mi. Kò sí okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò sì sí lẹ́sẹ̀ tìrẹ. A wà nílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kasymaly