Ètò Tó Mọ̀ Pé Òun Ti Borí

                                        Yàrá òkè, ilé alátùn-únṣe aago,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àbígbẹ̀yìn rẹ ńkọ́, ṣé eyín náà ti yọ, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? Bá mi kí màmá ọkọ rẹ. Ara tèmi le, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara nìkan ló le.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n má banú jẹ́, pé kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe, àti pé ọ̀gá yín ṣì ń rò ó bóyá kí wọ́n gbà mí síṣẹ́, nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ pé mo bà jẹ́ lọ́jọ́ ìdíje. Mo ka ibẹ̀, mo tún un kà, mo sì gbé lẹ́tà náà sílẹ̀ kí n má baà fà á ya. Kì í ṣe ìwọ ni mo ń bínú sí o. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ lo gbọ́. Jókòó kí n sọ tèmi, torí bí ọ̀gá yín bá kọ̀ mí, mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń wá irú iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe yìí.

O mọ̀ pé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Yàrá ẹ̀yìn nílé Màámi la ti bẹ̀rẹ̀, lórí tábìlì tí wọ́n fi ń lọṣọ. Òun, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá, ló ni ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín ayò, níbi tí ogun ti máa ń gbóná táwọn èèyàn sì máa ń pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo ni ìparí, nígbà tó bá ku ọba àti ẹnì kan tàbí méjì lórí pátákó, táwọn òǹwòran ti ń wá bàtà wọn. Ọdún méje ni mo fi kọ́ ètò náà bí wọ́n ṣe ń lé ọba ọ̀tá lọ sí etí pátákó, bí wọ́n ṣe ń tì í wọ igun, bí wọ́n ṣe ń há a mọ́bẹ̀. Iṣẹ́ tí kò lókìkí ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀.

Lọ́dún yìí ni ẹ̀gbọ́n mi gbé àkójọ ìparí ayò dé. Kó lè yé ọ: àwọn kan ti fi kọ̀ǹpútà ṣírò gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ayò díẹ̀ lè gbà tò sórí pátákó. Ibi tí ayò parí sí ni wọ́n ti ń rìn padà sẹ́yìn, wọ́n sì kọ èsì sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò ò ní ronú mọ́, á kàn wo ibẹ̀ ni. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan á sọ fún ọ pé o borí, o pàdánù, tàbí ẹ ta ọ̀mì. Èkejì á sọ iye ìgbésẹ̀ tó kù kó o tó parí ẹ̀. Èkejì yìí ló tóbi, kò lè wọ inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fún wa lò níbi ìdíje, ni ẹ̀gbọ́n mi bá mú èkíní nìkan. Ó ní ó ti tó. Ó ní bí ètò bá ṣáà ti mọ̀ pé òun borí, kí ló tún kù?

Mo sọ fún un. Nídìí oúnjẹ, níṣojú Màámi, mo sọ fún un pé ẹni tó mọ̀ pé òun á délé tí kò mọ̀nà ilé, ìgboro ló máa sùn. Mo ní kó jẹ́ kí iṣẹ́ tèmi wà lábẹ́ àkójọ náà, kó máa tọ́ ọ sọ́nà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá mi léjìká bí ẹni ń tu ọmọdé nínú, ó ní kí n má jowú ẹ̀rọ. Nígbà tí mo máa fi dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti pa gbogbo ohun tí mo kọ rẹ́ pátá, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ó ní òun ń gbálẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ṣe é, kí ni kí àbúrò wí?

Ọjọ́ àṣekágbá ìdíje tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà ti ń bá ara wọn ta ayò dé. Ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ ra ètò wa rán èèyàn wá, wọ́n jókòó síwájú. Ètò wa ta dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, títí tó fi ku ọba, bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin tiwa sí ọba kan ṣoṣo ti ọ̀tá. Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta dáadáa á parí ìyẹn. Ó hàn gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà pé a ti borí. Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde, ó ti ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Ni ètò wa bá gbé ẹṣin. Ó wo àkójọ, àkójọ ní ó ṣì borí. Ó gbé ẹṣin padà. Àkójọ ní ó ṣì borí. Ó gbé bíṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé e bọ̀. Gbogbo ibi tó bá rìn sí ló ti borí, kí ló fẹ́ máa kánjú fún? Bó ṣe ń pòyì lójú kan nìyẹn, tí ọba ọ̀tá ń gbatẹ́gùn láàárín pátákó, títí àádọ́ta ìgbésẹ̀ fi pé láìsí ohun tí ẹnikẹ́ni jẹ, òfin sì ní ọ̀mì nìyẹn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀mì yẹn ló gba ife lọ́wọ́ wa.

Àwọn ará ilé iṣẹ́ yẹn wá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo dúró tì í, ejìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiẹ̀. Kò tiẹ̀ wojú mi.

“Ìparí ayò kì í ṣe tèmi,” ó ní. “Àbúrò mi ló máa ń bójú tó o.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tó bá mọ̀ wá á gbà á gbọ́. Mo dákẹ́ kí wọ́n má baà ní mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi jà níta, ẹni tó bá sì dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní inú ẹ̀gbọ́n mi ò dùn, kí n wá bẹ̀ ẹ́ kí ilé lè tòrò. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kí ni? Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ni, kí n ṣe é nítorí tàwọn. Mo lọ, mo bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu mi bíi jogbo. Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun ti dárí jì mí, ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni wá. Kí n tó rí àga fìdí lé, ó ti ń bi mí bóyá iṣẹ́ mi àtijọ́ ṣì wà níbì kan, torí ilé iṣẹ́ yẹn ní àwọn á tún ètò náà wò bó bá lè parí ayò. Mo rán an létí pé òun fúnra ẹ̀ ló pa á rẹ́. Ó ń wo èékánná ọwọ́ ẹ̀. Màámi wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wo èmi.

“Ṣé o ò kúkú lè kọ òmíràn fún un ni?” ni wọ́n wí.

Ọdún méje o, ọ̀rẹ́ mi! Mo gbé báàgì mi, mo kí wọn, mo jáde.

Jọ̀wọ́, sọ èyí fún ọ̀gá yín bí mo ṣe sọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ dán mi wò, kí wọ́n pè mí, mo ti ṣe tán. Bá mi kí gbogbo ilé, kó o sì fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn tí Màámi wí. Orúkọ tèmi nìkan ló wà lórí ẹ̀.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ ni,
                                        tí gbogbo wọn ń pè ní Àbúrò Ọ̀gá.