Kọ́kọ́rọ́ Ilé Bàbá

Olúmúyìwá, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ nínú òtútù Kánádà. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Máàsì báyìí. Iṣu oko Ìjàn náà ta dáadáa.

Ṣé o rántí àwọn tó ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Fájuyì, tí àwa obìnrin ìjọ ń gbé oúnjẹ fún? Ó pẹ́ tí a ti ń bẹ ìjọba kí wọ́n fowó ràn wá lọ́wọ́, wọ́n á ní kò sí ilé tí àwọn fẹ́ náwó lé. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá wọn tún sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé. Mo dìde, mo ní, "Ulé wà. Ulé baba mi wà." Mo sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Màmá ló fún mi. Ó ní àwọn yàrá tí òun tì de ẹ̀yin ọmọ òkè òkun, eku ló ń gbé ibẹ̀.

A borí, àbúrò mi. Ìjọba ti ń san owó nọ́ọ̀sì, oúnjẹ àti bẹ́ẹ̀dì. Lánàá, ìyá arúgbó kan sùn títí oòrùn fi mú, kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó fi ìgbálẹ̀ lé e dìde.

Bá wa fi kúbùsù ránṣẹ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ wá ibi sùn tì. Bí o bá wálé ní Kérésì, ọ̀dọ̀ mi ni wàá dé sí. Yàrá rẹ ni ìyá náà ń sùn, n ò sì ní jí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Abọ́sẹ̀dé