Wọ́n Lé Ilẹ̀kùn Síta Pápá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé orúnkún náà ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ẹkún pe ara wa o. Àwa náà ń bẹ, àfi òjò tó ń wọlé láti òrùlé ìyàrá rẹ, mo ti gbé ike sí i lábẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá, a kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ láti wo ẹgbẹ́ yín lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà tó o ti ń gbá bọ́ọ̀lù alákìísà lẹ́yìn ilé, ẹ̀yìn lo ń gbá, Ilẹ̀kùn ni wọ́n sì ń pè ọ́, torí ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ, ibi tó ti wá ló ń padà sí. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ káfíńtà jẹun, orúkọ yẹn máa ń wú mi lórí. Àfi bí mo ṣe rí ọ níta ìlà! O wọ kóòtù bí akọ̀wé báńkì, ò ń na ọwọ́, ò ń pariwo lé àwọn ọmọ ọlọ́mọ lórí, kò sẹ́ni tó dá ọ lóhùn. Nígbà tó o fẹ́ yọ́ wọlé, ọkùnrin kan tó gbé pátákó dání lé ọ padà bí ewúrẹ́ tó fẹ́ wọ ilé ìdáná. Onígbàjámọ̀ ní o ti di kóòṣì, pé ìwọ lo ń kọ́ wọn. Irọ́ ni! Bí mo bá ń kọ́ ọmọṣẹ́, ṣebí èmi ni mo kọ́kọ́ ń di òòlù mú? Mo ti mọ̀ pé o ṣẹ ọ̀gá ni, wọ́n wá fi ìdúró jẹ ọ́ níyà.

Ẹni tó bímọ ò lè máa wo ọmọ níran. Mo gba nọ́ńbà ẹni tó ni ẹgbẹ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ awakọ̀. Mo fi fídíò pè é, mo gbé fóònù sílẹ̀ kó lè rí mi dáadáa, mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ gbalaja. Mo ní kó foríjì ọ́, kó jẹ́ kó o wọlé. Mo ní bó bá jẹ́ torí ẹsẹ̀ rẹ tó dá lọ́jọ́sí ni, ó ti san pátápátá, mo sì búra sí i. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun ti gbọ́, pé ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn gan-an làwọn ń wá, bó bá ti san bí mo ṣe wí, kó o gbé bàtà rẹ dání ní Sátidé tó ń bọ̀.

Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi sáré lọ sọ fún ìyá rẹ. Ó ju abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo ti gbàgbé bó o ṣe ké lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ náà dá ni. Ó ní láti ìgbà tó o ti sọ fún òun pé o ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, pé kíkọ́ lo ń kọ́ wọn, lòun ti ń rí oorun sùn. Áà, àṣé ẹ̀yin méjèèjì ti mọ̀! Ẹ̀rù ti wá ń ba èmi náà, mi ò sì lè pe ọ̀gá padà, torí mo ti búra.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún káàdì ìpè, ìdọ̀bálẹ̀ yẹn pẹ́, ó jẹ káàdì tán. Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa. Ariwo tí ò ń pa níta ìlà á máa mú oúnjẹ wá fún ọ, ẹnikẹ́ni ò ní fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ mọ́. Bó o bá ti rí ọ̀gá ní Sátidé, dákun, tiro díẹ̀.

Èmi baba rẹ.

Ìyá rẹ ní kì í ṣe díẹ̀ o.