Èmi ni Mo Fọ Ojú Ẹ̀rọ Náà

Ilé Alágbàfọ̀,
Àgọ́-Àrẹ.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Lùkúmọ̀n ọmọ mi,

Sàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé àwọn ọkọ̀ àjàgbé Olódì-Àpápá ń jẹ́ kí o sùn? Ọlọ́run tó sọ ọ́ dàgbà lọ́wọ́ wa kò ní sọ ọ́ nù sọ́wọ́ èrò Èkó. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì, ó sì ní akọ inú wọn, tìrẹ ni, kí o wá mú un. Atẹ́gùn gbé páànù kan lọ lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ìwọ lo ti fi ẹ̀rọ rẹ tó ń fò hàn wá nígbà Iléyá pé páànù náà ti dípẹtà, nítorí náà kò yà wá lẹ́nu.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí fóònù Ruqoyah àbúrò rẹ ń pariwo, bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo agbo ilé ló ń bá a dáhùn. Ìdí nìyí tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán dẹ́rẹ́bà tó ń kó iṣu lọ sí Àpápá.

Ruqoyah ló sọ fún mi pé ìwọ àti Uchenna tó ta ẹ̀rọ náà fún ọ ń fa ọ̀rọ̀. Ó ní ọrùn tó ń gbé kámẹ́rà rẹ̀ dúró ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, kò sí fídíò tó dúró, ìgbéyàwó tó yẹ kí o lọ yà ní Ajégúnlẹ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó ní ìwé gárántì sọ pé bí ó bá bàjẹ́ kí ọdún kan tó pé, Uchenna á gbà á, á sì fún ọ ní òmíràn. Uchenna ní gárántì kò kan ẹ̀rọ tí omi bá wọ̀, ìwọ sì ní omi kò kàn án rí. Ọ̀rọ̀ dé iwájú alága àwọn oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí o wá fi Kùránì búra lọ́jọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀.

Ọmọ mi, má búra. Èmi ni mo fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, nígbà tí o sùn lọ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo rí i pé èéfín orí àgbò tí a jó ti bo ojú kámẹ́rà náà, ọ̀rá ọwọ́ àwọn ọmọ ilé sì wà lára rẹ̀. O mọ̀ pé ogójì ọdún ni mo fi fọ aṣọ ní ìlú yìí, ìdọ̀tí kì í wà níwájú mi kí ọwọ́ mi dúró. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, omi tútù ni o, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun fọ gbogbo kọ̀rọ̀ ọrùn rẹ̀, mo ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fi pẹ́ẹ̀gì kọ́ ọ sórí okùn, mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sóòrùn kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá. Orí rẹ̀ ń mì lórí okùn, mo rò pé ó ń dúpẹ́ ni. Kí o tó jí, ó ti gbẹ, mo dá a padà sínú àpótí rẹ̀. Nígbà tí Ruqoyah ka ibi tí wọ́n kọ omi sí fún mi nínú ìwé gárántì tí o yà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, mo ní abọ́ kékeré kan péré ni, kì í ṣe odò. Ó ní wọn ò béèrè bí omi ṣe pọ̀ tó.

Ohun tó mú mi ṣe é ni pé nígbà tí o fi òrùlé wa hàn mí nínú fóònù, o ní pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí, kò síbi tí ojú rẹ kò lè dé mọ́. Mo wá rò pé bí o bá padà sí Olódì, wàá máa rán an wá wò mí, bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ wá. Mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ mọ́ kí ó lè dá mi mọ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo Jímọ̀ tí a bá ti kírun tán, màá wọ agbádá funfun tí o rà fún mi, màá gbé àga sí àárín àgbàlá, màá máa wòkè. Àwòdì nìkan ni mo ń rí. Ìyá rẹ ní orí mi ti dàrú, ṣùgbọ́n òun náà kì í gbàgbé gèlè rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ruqoyah ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lóye pé ẹ̀rọ náà kò lè fò kọjá àdúgbò yín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rí i rín.

Ohun kan ṣì kù. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó bàjẹ́, inú mi dùn díẹ̀. Mo ní bí iṣẹ́ bá dín kù, wàá ráyè wálé. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, kí ìwọ náà dárí jì mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tíì pé oṣù mẹ́rin, ó ti bá mi.

Ní iṣẹ́ tiwa, ẹni tí àyọ́ọ̀nù bá jó aṣọ mọ́ lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ sílé aláṣọ, kì í dúró kí aláṣọ wá béèrè. Nítorí náà, mú lẹ́tà yìí lọ fún Uchenna, kí o bá mi bẹ̀ ẹ́, kí ìwọ náà sì bẹ̀ ẹ́, nítorí mo gbọ́ pé o pè é ní olè. Sọ fún un pé àárò ọmọ ló ń ṣe bàbá arúgbó kan.

Mo nílò owó díẹ̀ o. Ti páànù wà níbẹ̀, ti òróró ìpara náà wà níbẹ̀, nítorí wíwòkè ti jẹ́ kí ọrùn tèmi náà máa dùn mí, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní gárántì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi owó náà ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ oní-POS. Owó ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń pọ̀, kì í pọ ọmọ. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá, kí o sì wá wo òbúkọ rẹ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi ẹnu rẹ jẹ gbèsè ìbúra èké. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ, èyí tó dára jù ú lọ ni yóò fi rọ́pò rẹ̀. Bí Jímọ̀ tó ń bọ̀ bá dé, agbádá yẹn náà ni màá wọ̀, ibẹ̀ náà ni màá gbé àga sí, ṣùgbọ́n mi ò ní wòkè mọ́. Ojú ọ̀nà ni màá máa wò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàláwù alágbàfọ̀.