Àgbàdo Tí Ewé Rẹ̀ Kò Tú

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti bá Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jà lórí oko yín ní Ayégbajú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó fẹjọ́ mi sùn yín.

Lọ́dún tó kọjá, bí òjò àkọ́kọ́ ṣe rọ̀ báyìí, gbogbo wa sáré gbin àgbàdo kí ilẹ̀ tó gbẹ, bí ẹ ṣe kọ́ wa. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ẹ̀gbọ́n fín kẹ́míkà apakoríko lé e lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní kábámeeti. Ẹni tó tà á fún un ti ní kó fín in ná, kó dúró díẹ̀ kó tó gbìn. Ta ló fẹ́ dúró nígbà tí òjò ti rọ̀? Agolo mílíìkì ló fi wọ̀n ọ́n, ó tún bù lé e.

Koríko kú lóòótọ́. Àgbàdo náà hù, àmọ́ ewé rẹ̀ kò tú. Ó lọ́ pọ̀, ó tẹ̀ kọ́rọ́, kò ga ju orúnkún mi lọ. Ọkà bàbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ yọrí. Mo sunkún, Bàbá. Irúgbìn tí ẹ fọwọ́ ara yín so kọ́ sókè àdìrò ni, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ṣẹ́kù.

Ṣé ẹ̀yin náà ì bá dúró? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo ń rántí bí ẹ ṣe máa ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún bo ihò àgbàdo, tí ẹ ó rọra tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn.

Lọ́dún yìí, Ẹ̀gbọ́n ní bí n kò bá jẹ́ kí òun fín in, tí koríko bá borí oko, káṣú lòun máa gbìn síbẹ̀. Káṣú, lórí ilẹ̀ yín! Èmi àti àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ àáró: oko mi lónìí, tiwọn lọ́la, ọkọ́ la fi ń ro ó. Láàárọ̀ àná ló gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn dé. Mo dúró sáàárín poro.

"Ẹ gbé e padà lọ sí ulé, Ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ ó bá fín in, èmi lẹ ó kọ́kọ́ fín."

Ó gbé e padà sílé. Inú ṣì ń bí i. Koríko ti ń yọ lápá odò, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ti bó. Kó bó. Ìyókù irúgbìn yín ti hù, ewé rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò sẹ́ni tó máa gbin káṣú síbẹ̀ lójú mi.

Èmi ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, alágídí bíi tiyín.